Níná Oògùn Ẹsẹ̀ Màámi

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kejì

Èmi Khalifa ọmọ Akóredé ni mo mọ ọjà ná jù láti Òkè-Ìlá ní Adó títí dé ẹnu odi Mẹ́kà. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó lọ bi àwọn tó ń ta àgbò. Iléyá tó kọjá, Málàmù kan pe àgbò ní igba ẹgbẹ̀rún náírà, mo ná an títí ó fi di àádóje ẹgbẹ̀rún. Ojú ọ̀tún Málàmù ń sunkún, ojú òsì ń rẹ́rìn-ín. Ó fi okùn tuntun sí i, ó fi odidi àpò èèpo ẹ̀wà lé e, ó tún tẹ̀ lé wa dé ẹnu géètì láti béèrè ọmọ ta ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà yẹn. Mo ti dàgbà sí i báyìí.

Nítorí náà ẹ̀rù ò bà mí nígbà tí mo gbọ́ iye tí oògùn Màámi jẹ́. Kóró mẹ́rìnlá, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà. Kóró kan láàárọ̀, kóró kan lálẹ́, páálí kan tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nafízà ni wọ́n ń pe oògùn náà. Ó jọ orúkọ ọmọge tí kì í rẹ́rìn-ín sí èèyàn.

Dókítà ní egungun kan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn Màámi ló jókòó lé iṣan tó gba inú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń ru àpò bàtà òkìrìkà. Ó ní ẹsẹ̀ náà ń ta òun bíi pé wọ́n da ata gígún sínú egungun rẹ̀. Dádì wà ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà mẹ́jọ. Ilé náà ń gòkè lójoojúmọ́, owó rẹ̀ ni kì í sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa.

Páálí méjì la lè rà. Kóró méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo sọ fún Màámi pé kí páálí kejì tó tán, n óò ti rí ibi tí wọ́n ti ń tà á ní ìdajì iye yẹn.

Ó wò mí títí. "Ìdajì?"

"Ìdajì, Màámi. Wọ́n á tún fi ọ̀rá sí i."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù Kejì

Mo wọ kẹ́míìsì mẹ́tàdínlógójì lónìí lẹ́yìn ilé-ìwé. Ó dáa, mẹ́fà ni.

Ẹni àkọ́kọ́ pe ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ààbọ̀. Ẹni kejì pe ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún, ó ní dọ́là ló fà á. Mo bi í bóyá dọ́là náà ló fi ra àga tó jókòó lé. Ó lé mi jáde. Ẹni kẹta wo irun mi, ó wo ṣòkòtò mi, ó ní òun kì í ta nǹkan fún àwọn ọmọ tó ń mu tírámọ́ yó.

"Kì í ṣe tírámọ́, bọ̀dá. Ẹ wo ìwé dókítà."

"Irú yín náà lẹ máa ń fọwọ́ ara yín kọ ọ́."

Ẹni kẹrin ò ní in. Ní ibi karùn-ún, àǹtí kan tí wọ́n ń pè ní Ẹniọlá ní Nafízà ti tán, ṣùgbọ́n òmíràn wà tó ń ṣiṣẹ́ kan náà, owó rẹ̀ ò sì tó bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ oníbàtà ni mí. Láti kékeré ni Màámi ti kọ́ mi pé orúkọ tó wà lára ahọ́n bàtà ni kí n kọ́kọ́ wò, torí àwọn kan wà tó ń fi ìlà mẹ́rin sí bàtà tó yẹ kó ní mẹ́ta. Mo tẹ ìka mọ́ ohun tí dókítà kọ. Mo ní, "Eléyìí gan-an ni mo wá rà, àǹtí. Ẹ tọ́jú ayédèrú yín."

Ó ní kí n máa lọ ire.

Ẹni kẹfà ń sùn. Mo jẹ́ kó máa sùn.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù Kejì

Ìtìjú dé bá mi lónìí, mi ò mọ ibi tí màá kọ ọ́ sí ju ibí lọ.

Fámásì kan wà nítòsí Fájuyì. Àgùdà ni obìnrin tó ni ín, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà kọ́ ara kàlẹ́ńdà. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára aṣọ funfun tó wọ̀: Motúnráyọ̀. Mo ti rò ó pé àánú ni màá fi ná tibẹ̀. Mo fa ojú ro.

"Àǹtí, tírélà ló kọ lu ìyá mi ní ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Ọmọ kan ló fẹ́ fà kúrò lójú títì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló gé."

Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó kà á tán. "Méjèèjì?"

"Méjèèjì, mà."

"Dókítà ò gbọ́ nípa tírélà o. Ẹ̀yìn ló kọ síbí. Ẹsẹ̀ tó sì kọ síbí, ẹyọ kan ni. Kò gé."

Mo ní ó lè jẹ́ pé bírò rẹ̀ ló gbẹ.

Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó dá ìwé padà fún mi. "Lọ pe àgbàlagbà kan wá nílé yín. Mi ò lè kó oògùn yìí lé ọmọ tó ń parọ́ mọ́ ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀ lọ́wọ́."

Ẹ̀rín àwọn yẹn tẹ̀ lé mi dé etí títì. Mi ò ní padà síbẹ̀ mọ́ láéláé, ìbáà jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín in. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí pé mi ò tiẹ̀ béèrè iye tó ń tà á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹta

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àfáà wá sílé láti ṣàlàyé fún Màámi pé aláìsàn lè jẹun kó sì san án padà nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Màámi ní, "Ẹ ṣeun, Àfáà." Àfáà lọ. Màámi ń gbààwẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní kò sí wàhálà níbẹ̀, òun á lo kóró kan ní sààrì, òun á lo ìkejì ní ìṣínu, ẹ̀ẹ̀mejì tí dókítà wí náà nìyẹn.

Ooru yìí kì í ṣe ti ayé. Ọ̀rá yìnyín kan ti di ọ̀ọ́dúnrún náírà.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Mo ń gbọ́ bí Màámi ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró sinmi kó tó dé ẹ̀yìnkùlé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹta

Àbúrò mi Ibtisam, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó fà mí lápá lẹ́yìn ilé.

"Bọ̀dá, Màámi kì í lo ti sààrì."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ojú mi. Omi nìkan ló ń mu. Ó kàn máa ń gbé ọwọ́ sẹ́nu."

Lẹ́yìn ìṣínu, mo lọ ka kóró tó kù. Ó yẹ kó jẹ́ mẹ́wàá. Mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Mo gbé páálí náà wá síwájú rẹ̀. Ó ń bó ọsàn, kò sì dá ọwọ́ dúró.

"Mò ń ṣọ́ ọ lò ni," ó ní. "Ìwọ tó o ní ìdajì, ìdajì ọ̀hún dà?"

Mo gbé páálí náà sílẹ̀.  

"Màámi, ẹ máa lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Mo máa rí i. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Má fi Ọlọ́run sí i. Sọ ọ́ lásán."

Mo sọ ọ́ lásán. Ó wúwo ju ìbúra lọ.

Mẹ́rìnlá, ọjọ́ méje. Ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí ló máa tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹta

Ẹnìkan ní gáréèjì sọ fún mi pé bàbá kan wà ní Igbemo tó ṣì ń ta oògùn ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, torí kò tíì gbọ́ pé nǹkan ti gbówó lórí. Mo wọ mọ́tò. Ọ̀nà yẹn gbọ̀n mí títí ìfun mi fi pààrọ̀ ipò.

Bàbá Ọlálérè ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Wá sínú ulé, òòrùn ń pa ọ́." Ohun tó wà nínú kẹ́míìsì rẹ̀ ni parasítámọ́, bándéèjì, àti adìyẹ kan tó sùn sórí káńtà. Ó gbé ìwé dókítà jìnnà sójú, ó gbé e súnmọ́ ojú. Kò ní irú ẹ̀ rí.

"Ṣé Adó náà lo ti wá? Adó tí fámásì kún inú ẹ̀?"

"Mo ti dé gbogbo ẹ̀, Bàbá."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ó ku ẹyọ kan."

"Kí ló lé ọ níbẹ̀?"

Mo ń wo adìyẹ. Ó bu omi fún mi, mo ní mo ń gbààwẹ̀. Ó ní kí n má bínú, ó wá bu ìrẹsì ilẹ̀ wọn sínú ọ̀rá, ó ní kí n gbé e fún ìyá mi.

Owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀, ẹgbẹ̀rún méjì ó lé irinwó náírà. Mo lọ wá oògùn olówó pọ́ọ́kú, ìrẹsì ni mo gbé bọ̀. Màámi ní ìrẹsì náà dùn. Kò bi mí léèrè oògùn, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kẹta

Kóró mẹ́ta ló kù nígbà tí mo ti ilé-ìwé dé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ẹ̀yin ojú ìwé wọ̀nyí: mo ti rí i.

Olúgbádé, tí a jọ wà ní kíláàsì, máa ń bá wọn pèrò ní gáréèjì Fájuyì lẹ́yìn ilé-ìwé. Òun ló mú mi lọ bá ọkùnrin kan tó ń ru báàgì dúdú kiri ẹnu mọ́tò. Ó tú báàgì. Nafízà wà níbẹ̀. Mo ka orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kò yingin.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ," ó ní.

"Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀." Mo ti gbé ẹsẹ̀ láti yí padà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí wọ́n lè pe èèyàn padà.

"Ó yá, mélòó lo fẹ́?"

Ẹsẹ̀ mi ṣì wà lókè.

Mo ra páálí mẹ́ta. Àwọ̀ rẹ̀ pupa díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí àwọ̀ tí òòrùn Fájuyì ò lè yí padà.

Nígbà tí mo gbé e fún Màámi, ohun tó máa ń bi èèyàn náà ló bi mí: "Èló ló pè é? Báwo lo ṣe ná an?" Bí wọ́n ṣe ná ọjà ni Màámi máa ń gbọ́ kó tó wo ọjà fúnra rẹ̀. Mo jókòó, mo sọ ìtàn. Mo ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ló pè é. Mo ní mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó pè mí padà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní ó fi ìyá rẹ̀ búra pé òun ò jèrè, ó sọ báàgì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, Olúgbádé ló bẹ̀ ẹ́ kó gbé e.

Màámi rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, Màámi."

"Wàá di ọlọ́jà," ó ní. Ó kó páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta

Gbogbo kíláàsì ti gbọ́. Nínú èyí tí Olúgbádé ń sọ, ọkùnrin oníbàágì ti dọ̀bálẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹta

Màámi ní ẹsẹ̀ náà tún ti ń ta òun. Ó ní ó lè jẹ́ ààwẹ̀. Mo ní ó lè jẹ́ ààwẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kẹta

Mo ti Jímọ̀ dé. Ibtisam jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, orí Màámi wà lórí itan rẹ̀. Bútà àlùwàlá ti dojú dé, omi ti ṣàn dé ẹsẹ̀ ògiri. Màámi ò ké. Etí ìborùn rẹ̀ ló fi eyín dì mú, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bíi pé wọ́n da omi lé e lórí.

Ìyá Àtinúkẹ́ tó ń gbé lójúlé kejì ló bá wa gbé e wọlé. Ó sì wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo máa ń rò pé mo lè gbé Màámi lọ́wọ́ kan.

Ibtisam ò wojú mi. "Bọ̀dá, oògùn yẹn ò dáa."

"Pa ẹnu mọ́."

"Ṣé lóòótọ́ ló pè yín padà lẹ́ẹ̀mẹta?"

Mo ní kó lọ gbé bútà dìde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kẹta

Mi ò sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Màámi. Mo ní, "Màámi, kò pè mí padà. Mi ò tíì lọ rárá. Iye tí mo kọ́kọ́ pè ló gbà."

"Ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Lẹ́ẹ̀kan náà."

Ó pa ojú dé. Láti ìgbà tí mo ti wà ní pámárì ló ti ń sọ fún mi nídìí àtẹ bàtà: bí ẹni tó ń tajà bá ti gba iye tó o kọ́kọ́ pè, fi ọjà náà sílẹ̀ fún un, nǹkan wà lára rẹ̀.

"Ká ní o sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ Ajé," ó ní, "mi ò ní fi kan ẹnu."

Kò pariwo. Ó wù mí kó pariwo.

Mo kó páálí pupa yẹn, páálí Nafízà àtijọ́ tó ti ṣófo, àti ìwé dókítà, mo forí lé Fájuyì. Lójú ọ̀nà mo ti hun ìtàn mẹ́rin, mo sì jù wọ́n nù níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé fámásì, kò sí ẹyọ kan tó kù lẹ́nu mi.

Àǹtí Motúnráyọ̀ gbójú sókè.

"Tírélà kankan ò kọ lu ìyá mi," mo ní.

"Mo mọ̀."

"Bàtà ló ń tà. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Mo ra oògùn lọ́wọ́ oníbàágì, ó ti lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ṣubú lánàá."

Ó dìde. Ó gba páálí pupa lọ́wọ́ mi, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tú kóró kan sórí bébà. Ìyẹ̀fun kan báyìí ni. Mo bi í kí ni.

"Mi ò mọ̀. Ìwọ náà ò mọ̀. Ìyẹn ló burú níbẹ̀." Ó bi mí bó ṣe ṣubú, bóyá orí rẹ̀ lu nǹkan, bóyá ó ń bì, bóyá ó dá mi mọ̀ láàárọ̀ yìí.  Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ láìbù kún un, láìyọ kúrò.

Lẹ́yìn náà ló fa páálí Nafízà tó ṣófo mọ́ra, ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tíntìntín kan tó wà lábẹ́ orúkọ ńlá náà. "Ka eléyìí."

Mo kà á: pregabalin.

"Oògùn tí ìyá ẹ ń lò nìyẹn. Nafízà, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sọ ọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ mìíràn náà ń ṣe é." Ó gbé páálí funfun kan sílẹ̀ láti orí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ tíntìntín yẹn ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára. "Ìwọ̀n kan náà, kóró mẹ́rìnlá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà."

Mo yí páálí náà wò lẹ́yìn.

"Ṣùgbọ́n àǹtí, tó bá jẹ́ bàtà, tí orúkọ ẹ̀ bá ti yàtọ̀..."

"Oògùn kì í ṣe bàtà."

"Àǹtí kan sọ ọ́ fún mi ní Òkè-Ìlá. Mo pè é ní ayédèrú."

"O ò bá ti dúró níbí lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá gbà."

Ó pe dókítà lórí fóònù kó tó tà á. Ó ní kí n pe Màámi náà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kó má ṣe fò ó, kó má ṣe máa ṣọ́ ọ lò, kó má sì dá a dúró láìsọ fún dókítà. Ó ní kó padà lọ rí dókítà nítorí ìṣubú yẹn. Ó ní kó jẹun. Màámi tí kò gbọ́ ti Àfáà ń dá Àgùdà lóhùn lórí fóònù: "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Mo ti gbọ́, Àǹtí. Màá san án padà lẹ́yìn ọdún."

Mo padà yà sí gáréèjì. Oníbàágì ò sí níbẹ̀. Olúgbádé ní kò tíì yọjú láti ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹta

Dókítà yẹ Màámi wò. Egungun ò ṣẹ́. Ó ní kí oògùn náà máa lọ bẹ́ẹ̀, ara á gbà á díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ mélòó? Kò sọ.

Mo lọ bẹ Àǹtí Ẹniọlá. Ó ní òun ò rántí mi. Ó dùn mí díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kẹta

Bí Màámi bá ti ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé báyìí, èmi àti Ibtisam á dákẹ́, a ó máa fetí sílẹ̀. Ó dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Ibtisam ní ẹ̀kẹta kì í ṣe ti ẹsẹ̀, ó ní ìborùn rẹ̀ ló ń tún ṣe. Mi ò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbà á gbọ́. Bí eléyìí náà ò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Mi ò ní ibòmíràn tí mo lè wá mọ́.

Mo ń ka kóró ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́. Ó ń pé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kẹta

Ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kẹta

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, páànù ń pariwo, a ò gbọ́ ẹsẹ̀ Màámi rárá. Nígbà tí a yọjú, ó ti dé ẹ̀yìnkùlé, ó ń gbé korobá sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀. A ò mọ iye ìgbà tó dúró.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù Kẹta

Màámi lọ sí ìsọ̀. Àwọn èèyàn ti ń ra bàtà ọdún fún ọmọ wọn, ó ní òun ò lè jókòó sílé. Mo ru àpò, ó jókòó lórí àga, ó ń fi ọ̀pá nàka sí èyí tí kí n mú wá. Ó ní mo ń tà á lọ́pọ̀ jù. Ó ní irú ojú tí mo ń ṣe yẹn, bàtà ọ̀fẹ́ làwọn èèyàn á máa rò pé mò ń pín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù Kẹta

Páálí funfun kejì ti tán. Màámi ní òun fúnra òun ló máa lọ ra ìkẹta, òun fẹ́ rí obìnrin náà lójú. Kẹ̀kẹ́ gbé wa dé ẹnu fámásì. Ó gbé ọ̀rá kan dání, mi ò bi í kí ló wà níbẹ̀.

Àǹtí Motúnráyọ̀ jáde síwájú káńtà láti kí i. Wọ́n kí ara wọn títí. Lẹ́yìn náà ni Màámi ní, "Èló ni tòní?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náà ni, Màmá."

"Ẹ gba ẹgbẹ̀rún méjì."

"A kì í ná oògùn níbí, Màmá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

Màámi yí padà. Ó forí lé ẹnu ọ̀nà. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni, mo kà á. Kò wọ́ ẹsẹ̀. Kò dúró sinmi. Kò fọwọ́ gbá nǹkan kan mú. Mo dúró síbẹ̀.

Àǹtí Motúnráyọ̀ ò pè é padà. Màámi dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ń retí. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò tíì rí ẹni tí kò pè é padà. Ó bojú wẹ̀yìn. Obìnrin náà ń fi páálí sínú ọ̀rá.

"Obìnrin yìí le," Màámi ní. Ó padà wá, ó san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wo ilẹ̀. "Àǹtí, bàtà yín ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ kí ẹ̀yìn tiyín náà bẹ̀rẹ̀?"

Ó tú ọ̀rá tó gbé wá. Bàtà aláwọ dúdú mẹ́ta, sáìsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì fa èyí tó bá ẹsẹ̀ obìnrin náà mu gan-an yọ. Ojú ni Màámi fi ń wọn ẹsẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, Màmá."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ti ẹsẹ̀ wo nìyẹn?"

Ẹgbẹ̀rún méje ààbọ̀ ló san níkẹyìn. Ó wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó tẹ̀ lé wa dé ibi tí kẹ̀kẹ́ wà, ó di apá Màámi mú títí ó fi jókòó.

Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù Kẹta

Ìtúnu Ààwẹ̀. Màámi lọ sí Yídì. Ó kírun lórí àga, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn dé ibi àga náà. Ìrẹsì Igbemo tó ṣẹ́kù la sè. Dádì pè láti Àbújá, mo ní ara Màámi ti yá débi pé ó lè gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní ara òun ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí àlejò dín kù, mo ka ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nǹkan kan wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ tún ṣe.

Òótọ́ ni pé igba ẹgbẹ̀rún ni Málàmù pe àgbò. Òótọ́ ni pé àádóje ló gbà. Òótọ́ ni okùn tuntun. Èèpo ẹ̀wà, ọ̀rá kékeré ni, kì í ṣe àpò. Málàmù ò sunkún lójú kankan.

Èmi kọ́ ni mo ná an. Màámi ni. Ó dúró sínú òòrùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó yí padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta, Málàmù pè é padà lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi ni mo di okùn mú. Málàmù sì béèrè lóòótọ́ ọmọ ta ni mí, torí àgbò náà ló ń wọ́ mi lọ, tí mò ń ké.

Màámi ní, "Tèmi ni."